Níbo Ló Wà Lọ́jọ́ Náà? Ìdáhùn fún Olùkọ́ Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ Nípa Ohun Tó Pa Àwọn Ẹ̀dá Àtijọ́ Run

Olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti fi ìbéèrè ká mi mọ́. Ọ̀kan ní òkúta ńlá láti òfurufú ló pa dáínósọ̀ run. Èkejì ní rárá, òkè ayọnáyèéfín ni. Ẹ̀kẹta wo fídíò kan, ó ní ayé ló dédé yí po lóru ọjọ́ kan, tí òtútù fi gan erin onírun pa pẹ̀lú koríko lẹ́nu. Èwo ni kí n gbà? Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá rárá? Wọ́n tún hú egungun kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Ṣé ti dáínósọ̀ kọ́?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, tíṣà wa. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yẹn dáadáa, nítorí ìbéèrè tí wọ́n bi yín, òun náà ni àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí ń bi ara wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ni nípa ilẹ̀ àti àpáta kí n tó padà sílé sí Ọ̀yọ́, n kò sì tíì rí ẹ̀kọ́ tó ń lé oorun kúrò lójú akẹ́kọ̀ọ́ bí èyí. Méjì nínú àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ló di nǹkan gidi mú. Ẹ̀kẹta ni fídíò tàn jẹ, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni tó jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí á fẹnu kò lórí bí a ó ṣe dájọ́. Bí olè bá jà ládùúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń nàka sí ẹnì kan, ìbéèrè tí àgbà máa ń kọ́kọ́ bi ni pé: níbo ló wà lóru ọjọ́ yẹn? Bó bá jẹ́ pé Ìlọrin ló sùn, tí ẹlẹ́rìí sì wà, ọ̀rọ̀ tán, ì báà jẹ́ pé olè paraku ni. Bákan náà ni ti àwọn ìparun àtijọ́. Àwọn afurasí pọ̀: òkúta òfurufú, òkè ayọnáyèéfín, yìnyín, omi òkun tó yí ọ̀nà padà. Gbogbo wọn ló lágbára láti pa ẹ̀dá. Èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà la ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í bi ìbéèrè yìí rárá. Wọ́n á ti rí ihò ńlá kan nílẹ̀, wọ́n á ti rí òkú ẹran níbòmíràn, wọ́n á so méjèèjì pọ̀, ó di ìtàn.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ ọjọ́ tí òkúta kò kọ sára? Ó kọ ọ́ sára. Nínú ọ̀pọ̀ àpáta tó ti yọ́ rí, tó wá dì, ẹ̀yọ òkúta wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní zircon, kò ju ẹ̀yọ iyanrìn lọ. Nígbà tó ń dì, ó máa ń gba irin kan tó ń jẹ́ yuréníọ́mù mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gba òjé. Yuréníọ́mù yìí sì ń yí padà di òjé díẹ̀díẹ̀, ní ìwọ̀n tí kì í yẹ̀: nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.5 ọdún ni ìdajì èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ fi ń yí padà. Nítorí náà, òjé tí a bá bá nínú ẹ̀yọ òkúta yẹn lónìí, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ẹ ka òjé, ẹ ka yuréníọ́mù tó ṣẹ́kù, ẹ ó mọ ọjọ́ orí òkúta. Lónìí, àṣìṣe tó wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún àpáta tó ti lo mílíọ̀nù 250 ọdún kò ju ẹgbàárùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan lọ. Iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín ṣeé dá.

Láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 540 ọdún tí ẹranko ti pọ̀ nínú òkun, ìgbà márùn-ún ni ìparun ńlá ti ṣẹlẹ̀: ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 445 ọdún sẹ́yìn, mílíọ̀nù 372, mílíọ̀nù 252, mílíọ̀nù 201, àti mílíọ̀nù 66. Ti àkọ́kọ́ ni yóò ya àwọn ọmọ yín lẹ́nu jù. Òtútù ló bá a rìn, ibi tí a sì ń pè ní aṣálẹ̀ Sàhárà lónìí ni yìnyín náà jókòó sí, nítorí pé ìhà àríwá Áfríkà wà nítòsí ìpẹ̀kun gúúsù ayé nígbà yẹn. Ipa ibi tí yìnyín ti họ àpáta bó ṣe ń wọ́ lọ ṣì wà ní aṣálẹ̀ Àlùjíríà, gbọọrọ gbọọrọ bíi poro ebè. Omi tó di yìnyín, inú òkun ló ti wá. Òkun fà sẹ́yìn, àwọn ẹ̀dá tó ń gbé níbi tí omi kò ti jìn kò nílé mọ́. Ti ìkejì ṣì ń fa àríyànjiyàn, n ó fò ó. Ti ìkẹrin ṣẹlẹ̀ nígbà tí Áfríkà àti Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára ara wọn, tí àpáta yíyọ́ ń tú jáde lójú ibi tó ń ya náà. Àpáta dúdú tó ti ibẹ̀ wá wà ní Mòrókò, ní Guinea, ní Brazil àti ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ọjọ́ orí kan náà ni gbogbo wọn jọ ní.

Ó wá ku ti dáínósọ̀ àti ìyá gbogbo wọn, ti mílíọ̀nù 252 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí dáínósọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Gubbio ní Ítálì, ìpele amọ̀ kan wà láàárín òkúta ẹfun, kò nípọn ju bíi ìka ọwọ́ kan lọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú òkun pọ̀ lóríṣiríṣi nínú òkúta; lókè rẹ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Walter Alvarez, onímọ̀ nípa àpáta, fẹ́ mọ iye ọdún tí amọ̀ yẹn fi kórajọ. Bàbá rẹ̀, Luis Alvarez, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì, dábàá pé kí wọ́n wọn irin kan tó ń jẹ́ írídíọ́mù nínú rẹ̀. Írídíọ́mù ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú òkúta òfurufú, ó sì máa ń kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú eruku ojú ọ̀run. Wọ́n rò pé yóò jẹ́ aago fún àwọn. Àwọn àti Frank Asaro pẹ̀lú Helen Michel wọ̀n ọ́n, wọ́n sì bá nǹkan bíi ìlọ́po 30 iye tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ní Denmark, ìlọ́po 160 ni. Ní ọdún 1980 wọ́n kéde pé òkúta kan tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 10 ló já lu ayé. Ọ̀pọ̀ àgbà nínú iṣẹ́ náà kò gbà. Wọ́n ní: ihò rẹ̀ dà?

Ihò wà. Àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ní Yucatán ní Mẹ́síkò ti rí àmì rẹ̀ ṣáájú àkókò yẹn pàápàá, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1991 ni wọ́n tó wá fi ẹ̀rí so ihò Chicxulub mọ́ amọ̀ yẹn: ihò tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 180, tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Ẹ fojú wo ọ̀nà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìbàdàn, kí ẹ sì tún fi ọ̀pọ̀ kìlómítà kún un. Ẹnu ihò kan náà la ń sọ. Nígbà tí wọ́n wọn ọjọ́ orí ẹ̀yọ òkúta yíyọ́ tí ìjásílẹ̀ náà fọ́n ká, mílíọ̀nù 66 ọdún ló bọ́ sí, ó bá ìparun náà mu. Afurasí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n báwo ni òkúta tó já sí Mẹ́síkò ṣe pa ẹran ní Sókótó? Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ yín bi gan-an nìyẹn, ilẹ̀ yìí ló sì ti máa ń rọrùn jù fún mi láti dáhùn rẹ̀. Ẹ rántí ọyẹ́ oṣù kìíní ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oòrùn á funfun bí oṣù, ẹ ó lè tẹjú mọ́ ọn. Ètè á là, òwúrọ̀ á tutù débi pé àwọn àgbà á yáná. Eruku tó ti ìhà Chad fẹ́ wá ló ṣe èyí, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ wá fojú inú wo ọyẹ́ tó bo gbogbo ayé, ní gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò kásẹ̀ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibi tí òkúta náà já sí burú jù níbi tó lè já sí: òkúta ẹfun àti òkúta oníyọ̀ tó kún fún imí-ọjọ́ ló wà nílẹ̀ Yucatán. Gbogbo rẹ̀ di gáàsì, ó gòkè lọ, ó di ìkùukùu wẹ́wẹ́ tó ń ta ìtànṣán oòrùn padà. Èéfín igbó tó jóná dara pọ̀ mọ́ ọn. Ewéko kò rí oòrùn jẹun. Ẹran tó ń jẹ ewé kú, ẹran tó ń jẹ ẹran tẹ̀ lé e. Nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irú ẹ̀dá ayé ló parun. Àwọn tó yè ni àwọn kéékèèké tó lè sá sínú ihò, àwọn tó lè jẹ èso gbígbẹ àti ohun tó ti kú, àti àwọn bí ọ̀nì tó lè pẹ́ láìjẹun. Irúgbìn inú ilẹ̀ ń dúró. Àwọn ẹyẹ tó ń fò lójú òrùlé yín jẹ́ ìran dáínósọ̀ tó ṣẹ́kù.

Mo dárúkọ Sókótó nítorí ìdí. Ní àkókò tó ṣáájú ìparun yẹn, apá kan lára òkun wọ àárín ilẹ̀ wa. Ní agbègbè Goronyo, wọ́n ti hú egungun alángbá òkun ńlá kan tí a ń pè ní Goronyosaurus nigeriensis. Orúkọ ìlú Nàìjíríà kan ló ń jẹ́ títí láé. Gbogbo ìdílé alángbá òkun yẹn ló tán nínú ìparun kan náà pẹ̀lú dáínósọ̀. Òkúta ẹfun Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì sì jẹ́ ilẹ̀ òkun tó wà lẹ́yìn ìparun náà, nígbà tí ayé ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ lára rẹ̀ wà nínú ògiri kíláàsì yín.

Ọmọ kejì náà kò parọ́. Ní Íńdíà, àpáta yíyọ́ ti ń tú jáde ṣáájú kí òkúta òfurufú tó já, kò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Àwọn kan tó gbọ́n jù mí lọ sọ pé òun ló ti sọ ayé di aláìlera kí ìdájọ́ tó dé. Ní tèmi, ìparun náà já wálẹ̀ lójijì jù, ó sì bá ìpele amọ̀ yẹn mu régérégé jù, fún mi láti gbé ẹ̀bi ńlá lé Íńdíà lórí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá fẹ́ rí ibi tí òkè ayọnáyèéfín ti jẹ̀bi láìsí àwáwí, kí ó lọ sí mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn.

Ìparun yẹn ni mi ò lè kọ́ni láìjẹ́ pé ohùn mi yí padà. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá irú ẹ̀dá inú òkun ló kú. Ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro. Ní Sàìbéríà ni àpáta yíyọ́ ti ń yọ láti inú ilẹ̀, kì í ṣe láti orí òkè kan ṣoṣo bí wọ́n ṣe ń yà á sínú ìwé ọmọdé, bí kò ṣe láti ojú ìlà gígùn nínú ilẹ̀, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná tó dà nù. Èyí tó ṣì wà nílẹ̀ lónìí tóbi ju Nàìjíríà méjì lọ. Àmọ́ iná fúnra rẹ̀ kọ́ ló pa ayé. Ohun tó pa ayé ni ohun tí iná náà gbà kọjá. Kí àpáta yíyọ́ náà tó dé òkè, ó tàn kálẹ̀ lábẹ́, ó rà wọ inú èédú ilẹ̀, inú òkúta ẹfun àti inú iyọ̀. Ó ń se wọ́n. Ẹni tó bá ti dúró sí ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sun èédú lóko mọ irú èéfín tí mò ń sọ. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tí í mú ooru má lè jáde kúrò láyé, tú síta ní ìwọ̀n tí ayé kò lè gbé mì.

Àwọn onímọ̀ nípa àpáta, Seth Burgess àti Sam Bowring, ló fi zircon wọn ọjọ́ orí àpáta Sàìbéríà. Wọ́n sì wọn ti eérú tó wà láàárín òkúta òkun ní Meishan ní Ṣáínà, níbi tí àkọsílẹ̀ ìparun náà ti pé jù. Ọjọ́ méjèèjì bá ara wọn mu. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 ọdún ni ìparun náà fi ṣẹlẹ̀. Lójú ènìyàn, ó pẹ́. Lójú ayé, ìṣẹ́jú akàn ni.

Bí ooru ṣe pa ẹ̀dá inú omi, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń sin ẹja epìyà. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, ẹja á gòkè wá sójú omi, á máa la ẹnu. Omi tó gbóná kì í lè di ọ́síjìn mú bíi ti omi tútù, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja tó gbóná ń fẹ́ ọ́síjìn sí i. Ẹ fi èyí sí gbogbo òkun ayé. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ eyín ẹja àtijọ́ láti Ṣáínà rí i pé ojú òkun ní agbègbè tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé gbóná tó nǹkan bíi 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìparun náà; omi ìwẹ̀ ìyá abiyamọ ló kù díẹ̀ kí ó jẹ́. Omi òkun tún di kíkan nítorí kábọ́ọ̀nù tó wọ inú rẹ̀, àwọn ẹ̀dá tó ń mọ ìkarawun kò rí i mọ. Ó gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí òkun tó padà kún.

Ẹ̀yin ó ti rí i báyìí pé afurasí méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé: afẹ́fẹ́ àti òkun. Òkúta tó já lu ilẹ̀ lásán kò lè pa ayé. Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Adágún Bosumtwi ní Gánà, tó wà nílẹ̀ Àṣáńtì, ojú ihò òkúta òfurufú ni. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 10.5, ó sì ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.07 ọdún. Láti Èkó, ènìyàn lè wa mọ́tò débẹ̀. Kò sí àní-àní pé gbogbo ohun tó wà nítòsí jóná lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ kò sí ìparun ayé kankan tó bá ọjọ́ náà mu. Òkúta rẹ̀ kéré, kò sì bá ilẹ̀ oní-imí-ọjọ́ bíi ti Yucatán pàdé. (Nítorí pé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn yóò béèrè nípa ẹdùn àrá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ti dì mú jẹ́ àáké òkúta tí àwọn baba ńlá ènìyàn fi ọwọ́ lọ̀ kí irin tó dé. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní lójúbọ Ṣàngó kò dín kù nítorí èyí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ṣáájú wa ni.)

Wàyí o, ọmọ kẹta àti erin onírun rẹ̀.

Òtítọ́ kan wà lábẹ́ ìtàn náà: ojú-ọjọ́ lè yí padà lójijì láìsí òkúta òfurufú. Ní nǹkan bíi 12,900 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé ti ń móoru kúrò nínú ìgbà yìnyín, ìhà àríwá dédé padà sínú òtútù, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di nǹkan bíi 11,700 ọdún sẹ́yìn. Younger Dryas ni wọ́n ń pè é, orúkọ òdòdó kan tó fẹ́ràn òtútù ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Nígbà tó máa parí, ooru Greenland lọ sókè ní nǹkan bíi 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì láàárín ọdún mélòó kan tí kò tó ọjọ́ ayé ènìyàn kan. Inú yìnyín tí wọ́n gbẹ́ jáde ni a ti kà á, bí ẹni ka ojú ìwé.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwa oníṣẹ́ yìí gbà nìyí. Nínú òkun Àtìláńtíìkì, omi gbígbóná ń ti ìhà tiwa ṣàn lọ sí àríwá, ó ń gbé ooru lọ. Bó bá dé ọ̀hún, ó tutù, ó wúwo, ó rì, ó gba ìsàlẹ̀ padà. Yìnyín tó ń yọ́ ní Amẹ́ríkà ti ṣe adágún ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agassiz. Nígbà tí omi yìnyín wọ inú òkun, omi tí kò níyọ̀ kò wúwo tó láti rì. Ìṣàn náà rọ. Àríwá tutù, òjò sì dín kù ní ìhà àríwá Áfríkà. Díẹ̀díẹ̀ lènìyàn ń ti igbá sí etí àga. Bó bá máa já bọ́, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀ mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò nìyẹn, tí wọ́n fi máa ń wá ohun ìyanu kan tó já láti ọ̀run ní gbogbo ìgbà tí ìyípadà bá ti yá.

Láti ọdún 2007, àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé òkúta òfurufú ló fa Younger Dryas pàápàá. Nígbà tí wọ́n kéde ní ọdún 2018 pé ihò kan tó fẹ̀ tó kìlómítà 31 wà lábẹ́ yìnyín Hiawatha ní Greenland, inú wọn dùn. Àwọn ìwé ìròyìn pariwo. Ní ọdún 2022, wọ́n wọn ọjọ́ orí òkúta tí ìjásílẹ̀ náà yọ́: mílíọ̀nù 58 ọdún. Ìlọrin ló sùn lóru ọjọ́ náà. N kò kórìíra àbá yẹn, ó yẹ kí ènìyàn dán an wò, ṣùgbọ́n títí di òní, ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tíì tó fún mi.

Ní ti pé ayé yí po: ohun tó máa ń yí ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì ayé, èyí tó ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì. Ìgbà tó yí kẹ́yìn pátápátá ti tó nǹkan bíi 780,000 ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì máa ń fi yí. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣí nídìí bí àwo. Kò sì sí ìparun ńlá kankan tó bá ìyípadà yẹn rìn. Erin onírun tó lókìkí jù ni èyí tí wọ́n hú ní etí odò Berezovka ní Sàìbéríà ní ọdún 1901. Lóòótọ́, koríko wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun ìbàdí rẹ̀ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹran ara rẹ̀ sì ti ń bàjẹ́ kí yìnyín tó dì í: ó já sínú ọ̀gbun ni, ó kú síbẹ̀. Òkú erin onírun tí wọ́n ti hú kò sì jọ kú lọ́jọ́ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín wọn. Àwọn tó kẹ́yìn, ní erékùṣù Wrangel, wà láàyè títí di nǹkan bíi 4,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ará Íjíbítì ti kọ́ pírámídì ńlá wọn tán. Òru ọjọ́ kan wo ló lè gùn tó bẹ́ẹ̀?

Ǹjẹ́ ó kan wa? Ó kan wa. Ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsárun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú òkú ènìyàn kan ní ọdún 1965, tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bíi 13,000 ọdún. Ẹni yẹn gbé ilẹ̀ yìí ní ìgbà tí Younger Dryas ń sún mọ́lé. Lẹ́yìn ìgbà òtútù yẹn, òjò padà wá kíkankíkan. Sàhárà di pápá tútù, Adágún Chad kún títí ó fi gba ilẹ̀ tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta Nàìjíríà lọ. Darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe, ní ọdún 1987, kan ọkọ̀ ojú omi onígi lábẹ́ ilẹ̀. Ó ti tó nǹkan bíi 8,000 ọdún. Ọkọ̀ ojú omi, níbi tí ènìyàn ti ń wá omi mímu lónìí! Ayé tó ń fì díẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀ ló mú òjò náà wá, òun náà ló sì mú un lọ láti nǹkan bíi 5,500 ọdún sẹ́yìn. Ìfì yẹn lọ́ra gan-an, ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan, bí koríko ṣe ń kú ni òjò ń sá, omi gbẹ kíákíá ju bí ìfì náà ṣe lọ.

Bí àwọn ọmọ bá béèrè nípa ti ìsinsìnyí, ẹ fún wọn ní iye méjì yìí. Nínú 800,000 ọdún tí yìnyín Antarctica tọ́jú, kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ kò ju 300 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti kọjá 420, àárín ìgbà baba ńlá wa àti tiwa ló sì gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku egungun yín. Mo wo fọ́tò náà dáadáa. Eyín tó wà lára àgbọ̀n yẹn pẹlẹbẹ lójú, ó sì ní ìlà yíyí bíi ti màlúù. Màlúù ni, mo sì rí ojú ọ̀bẹ lára egungun náà. Kò lè jẹ́ dáínósọ̀. Àpáta abẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn ti dì nínú iná ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí kò dàgbà nínú wọn pàápàá ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún, nígbà tí dáínósọ̀ àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 230 lọ. Yangí àti ilẹ̀ pupa tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ àpáta kan náà tó jẹrà. Ẹ má jẹ́ kí inú àwọn ọmọ bàjẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, kí wọ́n fi ìwé funfun gba eruku ojú fèrèsé kíláàsì, kí wọ́n kán omi díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù ilé ẹ̀kọ́. Apá kan nínú eruku yẹn ń ti Bodélé wá, ìsàlẹ̀ Adágún Chad ńlá tó ti gbẹ. Bí wọ́n bá fara balẹ̀ wá a, wọ́n lè rí ìkarawun bíi dígí, tóóró tàbí róbótó, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà. Ẹ̀dá inú adágún yẹn ni. Ẹ kọ̀wé sí mi bí wọ́n bá rí i.